Láti Dùgbẹ̀ Dé Mọ́kọ́lá: Ṣé Àárín Ìlú Ìbàdàn Lè Bọ́ Ilé Ìtura Olówó Gọbọi?

Ẹni tó bá ń ṣe àyẹ̀wò ilé ìtura olówó gọbọi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn: yóò wo aṣọ tí wọ́n tẹ́ sí i, yóò ṣí omi ilé ìwẹ̀, yóò sì tọ́ oúnjẹ àárọ̀ wò. Gbogbo èyí dára, èmi náà yóò sì sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò gan-an ni àdúgbò tí irú ilé ìtura bẹ́ẹ̀ dúró sí, ìyẹn àárín ìlú Ìbàdàn, láti Dùgbẹ̀ títí dé orí òkè Mọ́kọ́lá, nítorí pé owó tí àlejò ń san lórí yàrá kan kì í ṣe owó ibùsùn nìkan, owó ìlú tí yóò bá pàdé nígbà tó bá jáde síta wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó ń ṣe àpérò, ìpàdé ilé iṣẹ́ àti ìgbéyàwó ńlá wá ibi tí àlejò wọn yóò sùn sí. Ìbéèrè kan náà ni àwọn àlejò yìí máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà: kí ni àwọn lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò nítòsí? Ní ìlú tó ní ìtàn bíi Ìbàdàn, ó yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi nígbà gbogbo, síbẹ̀ òun ló máa ń há sí mi lọ́fun jù.

Kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí. Àárín ìlú Ìbàdàn ní àlejò òpin ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ tó láti mú kí ilé ìtura ńlá méjì tàbí mẹ́ta kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò ní àlejò ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì fún ẹni tó bá wá ní ìdí kan gbòógì láti kọjá géètì. Àìsí nǹkan méjì yìí ló ń pa ilé ìtura olówó gọbọi. Bí ẹ bá fi máàbù tẹ́ ilẹ̀ yàrá ìgbàlejò láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, tí nǹkan méjì yìí kò bá sí, ẹ ó kàn ní máàbù tó mọ́ tónítóní tí ẹnikẹ́ni kò rìn lórí rẹ̀ ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ lọ́dún 1965, tòun ti àjà 26 àti gíga tó tó mítà 105, owó tí kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mú wọlé ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ní ọdún 1966 ni Premier Hotel dé orí òkè Mọ́kọ́lá, níbi tí ojú ti ń rí òrùlé páànù Ìbàdàn tó lọ salalu, tí Ilé Kòkó sì yọrí láàárín wọn. Láti ibi kan sí èkejì kò pé kìlómítà mẹ́ta. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ló ń bọ́ ilé ìtura nígbà náà. Ilé ìtajà ńlá Kingsway wà ní Dùgbẹ̀, Leventis tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn báńkì tò tẹ̀lé ara wọn, àwọn oníṣòwò Lẹ́bánónì àti àwọn aláṣọ Gbági sì ń ná owó sọ́wọ́ ara wọn láti òwúrọ̀. Ibùdókọ̀ ojú irin tó ti wà láti ọdún 1901 kò jìnnà sí gbogbo rẹ̀. Lékè ohun gbogbo, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wà ní Ìbàdàn. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ Àkúrẹ́ ló ti ń bọ̀, olùkọ́ tó bá ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ ará Abẹ́òkúta, Ìbàdàn ni wọ́n ní láti wá. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ìjọba kì í parí lọ́jọ́ kan? Ẹni tí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́la gbọ́dọ̀ wá ibi sùn.

Lálẹ́ pàápàá, ibi lílọ wà. Ní ọdún 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ayàwòrán dá Mbari Club sílẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti J.P. Clark sì wà lára àwọn tó ń péjọ síbẹ̀. Wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé níbẹ̀, wọ́n ń fi àwòrán hàn, wọ́n sì ń jiyàn lórí ìwé. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn tó ń gbèrò láti kọ́ ilé ìtura máa ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí eré ọmọdé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń jẹ́ kí àlejò tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́rú pinnu pé òun yóò di Ọjọ́bọ̀ kí òun tó lọ.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1976 ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó, Ọ̀ṣun sì tún kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991. Bí olú ìlú ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tó ní láti wá sùn sí Ìbàdàn nítorí ìwé ìjọba ń dín kù, nítorí pé agbaṣẹ́ṣe Àkúrẹ́ ti ní ọ́fíìsì tirẹ̀ nílé. Iná jó Ilé Kòkó ní oṣù kìíní ọdún 1985, ó sì di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Kingsway pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn aláṣọ Gbági kó lọ sí Gbági tuntun ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀, wọ́n sì kó àwọn oníbàárà wọn láti ìlú mìíràn dání lọ. Kò sí èyí tó burú tán nínú àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí a bá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ tuntun sún ìjọba mọ́ àwọn ènìyàn, ọjà tuntun sì fún àwọn oníṣòwò ní àyè tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín ìlú ló pàdánù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn olówó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìtura, Bódìjà, Jẹ́ríkò, Ring Road àti Àgódi ni wọ́n yà sí, níbi tí ilẹ̀ ti dákẹ́ tí odi sì ga.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ká ní ilé ìtura kan ní yàrá 100. Ká ní gbogbo yàrá náà kún ní alẹ́ Ẹtì àti alẹ́ Àbámẹ́ta, tí ogún péré sì ní ènìyàn nínú ní alẹ́ márùn-ún tó kù. Yàrá 300 ló tà láàárín ọ̀sẹ̀ nínú 700, ìyẹn bí ìdá 43 nínú 100. Ẹni tó bá dé síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó rí gèlè tó kún yàrá ìgbàlejò, tó sì rí ọkọ̀ tí kò rí ibi gúnlẹ̀ sí, yóò sọ pé owó ń wọlé níbí bí omi òjò. Kò mọ̀ pé àwọn agbọ́únjẹ, àwọn tó ń tún yàrá ṣe, àwọn tó ń ṣọ́ géètì àti àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ń gba owó oṣù wọn fún ọjọ́ méjèèje, pé ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì ilé ìdáná kò sì mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yàtọ̀ sí Àbámẹ́ta. Ilé ìtura kékeré lè lé òṣìṣẹ́ lọ sílé ní ọjọ́ Ajé kí ó sì ní kí wọ́n padà ní ọjọ́ Ẹtì. Ti olówó gọbọi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá sanwó ọba ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń retí ìtọ́jú ọba.

Àwọn olóṣèlú máa ń sọ pé bí ọ̀nà bá dára, àlejò yóò pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, oníṣòwò lè kúrò ní Èkó láàárọ̀, kí ó ṣe ìpàdé rẹ̀, kí ó sì sùn sí ilé ara rẹ̀ lálẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tún òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà tó já geere ń gbé àlejò wá, ó sì ń gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú tó bá fẹ́ kí ènìyàn sùn lọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí kò ṣeé parí lọ́jọ́ kan tàbí fàájì tí kì í bẹ̀rẹ̀ àfi lálẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ tuntun náà wà, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn lápá àríwá ìlú, ẹni tó bá sì ní ibùsùn ní Mọ́kọ́lá tàbí Dùgbẹ̀ yóò tún bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọ̀jọ́ọ̀ jìjàkadì kó tó dé ibi tó ń lọ. Pápákọ̀ òfuurufú Alákìá wà ní ìlà oòrùn, òun náà kò sún mọ́ ibẹ̀.

Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ìlú tó ní Yunifásítì láti ọdún 1948, tó ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, tó sì ní IITA tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń ti gbogbo àgbáyé wá sí, lè sọ pé òun kò ní àlejò ọjọ́ iṣẹ́. Ó ní wọn, àárín ìlú ni wọn kì í dé. Yunifásítì ní ilé ìtura tirẹ̀ àti gbọ̀ngàn àpérò nínú ọgbà, IITA náà ní ilé àlejò nínú ọgbà tirẹ̀, tòun ti igi àti omi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá láti Nàìróbì lè lo gbogbo ọjọ́ àpérò rẹ̀ ní Ìbàdàn kí ó má rí Dùgbẹ̀ sójú. N kò sì lè bá àwọn tó ń ṣètò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jà, èmi náà ti kó àlejò síbẹ̀ rí, nítorí pé níbẹ̀ àlejò lè jí ní kùtùkùtù kó rìn yíká láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù fún un.

Ọ̀rọ̀ rírìn yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ilé ìtura kan wà láàárín ìlú tí mo máa ń lò fún àwọn àlejò mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àléébù tó ní wà lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Inú rẹ̀ dára. Yàrá rẹ̀ mọ́, aṣọ ibùsùn funfun láú, omi gbígbóná kì í pẹ́ dé, àwọn ọmọbìnrin tó wà ní ẹnu ọ̀nà mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà láìṣe àṣejù. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ a gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ a sì gbà á, ìjíròrò a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Àwa ọmọ onílé kì í tilẹ̀ mọ̀ pé a dákẹ́. Àlejò òkèèrè nìkan ló máa ń mọ̀.

Obìnrin kan wà lára àwọn àlejò mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀, ó sì ti gbọ́ ìtàn Ilé Kòkó láti kékeré. Ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣáà ń rí i láti ojú fèrèsé. Bí ó ti dé géètì ni bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dìde.

"Mà, ẹ má fẹsẹ̀ rìn o. Ẹ jẹ́ n bá yín pe takisí Micra."

"Ṣé kò sí ààbò ni, sà?"

"Ààbò wà, mà. Ọ̀nà ni kò sí."

Kò sí bí mo ṣe lè gbé àyẹ̀wò mi kalẹ̀ tí yóò ju ti bàbá yìí lọ. Ẹ gbìyànjú láti sọ̀kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ ó rí ohun tó ń wí. Ibi tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà ni orí gọ́tà, àwọn pákó kọnkéré tí wọ́n fi bò ó ti fọ́ níbòmíràn, wọ́n ti ṣí lọ pátápátá níbòmíràn. Ibi tí pákó náà bá ti pé, ẹnì kan ti gbé tábìlì káàdì fóònù tàbí agbọ̀n ọsàn lé e. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀ sí títì, ọlọ́kadà yóò sì gbé iwájú yín kọjá láti ọ̀nà òdì. Lẹ́yìn agogo méje alẹ́, iná ọkọ̀ àti iná àwọn oníṣùyà ló ń tanná sójú ọ̀nà ju iná ojú pópó lọ. Mo sì ní láti sọ ọ́ kí wọ́n má baà ṣì mí gbọ́: n kò sí lára àwọn tó ń fẹ́ kí wọ́n fi kóbókò lé àwọn ìyá ọlọ́sàn kúrò. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ojú pópó ní ẹ̀mí, òun náà sì ni ààbò tí bàbá géètì ń sọ. Ohun tí a ń wá kò ju gọ́tà tí a bò, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀ tó kí ènìyàn méjì lè pàdé lórí rẹ̀, ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún tábìlì, àti iná tó ń tàn. Kò sí ilé ìtura kan tó lè dá èyí ṣe, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò nílò àlàyé gígùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè láti bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí ìwọ̀n kan, pẹ̀lú ìlérí pé iná kò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. Ilé ìtura olówó gọbọi ń gba àlejò fún wákàtí 24. Nítorí wákàtí mẹ́rin tó kù, tí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọn yóò jẹ́, ó gbọ́dọ̀ ra jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé gbogbo ilé, kó ra èkejì tì í nítorí ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, kó sì máa ra dísù pamọ́. Ó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń fọ omi tirẹ̀, ó ń kó ilẹ̀ tirẹ̀. Iye tí àlejò ń rí lórí ìwé owó rẹ̀ tó fi ń pariwo, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìlú tí ilé ìtura ń bá ìlú ṣe.

Ní ti oúnjẹ, n kò lè dárí jì wọ́n. Ìbàdàn ni ìlú àmàlà. Mo pàṣẹ àmàlà fún àlejò mi nílé ìtura kan tó gbówó lórí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì gbé e wá nínú àwo tánganran tó ní ilà wúrà létí: ó ti tutù, ojú rẹ̀ ti gbẹ bí awọ ìlù, gbẹ̀gìrì wà nínú abọ́ kékeré kan lọ́tọ̀, ewédú nínú òmíràn, ẹran sì jẹ́ ègé kan ṣoṣo tó dúró bí ẹni ń yàwòrán. "Mà, ṣé kí n mú un gbóná fún yín?" Wọn kì í tún àmàlà mú gbóná. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ rí mọ̀ pé láti inú ìkòkò ló gbọ́dọ̀ ti bọ́ sínú abọ́, kí èéfín rẹ̀ ṣì máa rú, kí gbẹ̀gìrì àti ewédú pàdé lórí rẹ̀ kí ọbẹ̀ ata tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá alámàlà tó mọ̀ ọ́n ṣe kò jìnnà sí géètì ilé ìtura yìí, àwọn àgbà báńkì sì ń tò níwájú wọn ní ọ̀sán. Kí ló dé tí ilé ìtura kò lè bá ọ̀kan nínú wọn ṣe àdéhùn, kí ìyá náà ní ìdáná nínú ọgbà, kó mú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání, kó sì máa ro ó lójú àlejò? Wọn ì bá fún wa ní ohun tí Lọ́ńdọ̀nù kò lè fún wa, wọ́n wá ń yan búrẹ́dì Lọ́ńdọ̀nù fún wa.

Ìbàdàn kọ́ ni àkọ́kọ́ tí irú èyí yóò ṣẹlẹ̀ sí. Ní Èkó, inú ìlú gan-an ni Bristol Hotel wà, ní Martins Street, láàárín ọjà àti ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀ láti gba Ivor Cummings ní ọdún 1947 nítorí pé ènìyàn dúdú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ariwo tó sì tẹ̀ lé e mú kí ìjọba amúnisìn fòfin de irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjà náà wà nílẹ̀, ilé ìtura àárín ìlú ni gbogbo ènìyàn ń jà sí. Nígbà tó yá, tí wọ́n ṣí Federal Palace ní ọdún 1960 tí Eko Hotel sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1977, Victoria Island ni ojú owó ti yí sí, àárín ìlú àtijọ́ sì di ibi tí olówó ń wá nọ́jà tó sì ń tètè kúrò. Èkó rí erékùṣù tí yóò sá lọ. Ìbàdàn kò ní erékùṣù. Bí ilé ìtura olówó gọbọi bá sá kúrò ní Dùgbẹ̀ tó lọ sí Bódìjà, inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kan náà ló ṣì wà, odi rẹ̀ ló kàn ga sí i.

Kí ni a ó ṣe sí ọjọ́ iṣẹ́ nígbà náà? Èyí tó tètè wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wé tó lórúkọ ní orílẹ̀-èdè yìí, Jẹ́ríkò ni wọ́n wà, tí kò jìnnà sí Dùgbẹ̀ rárá, síbẹ̀ Èkó ni wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ nígbà tí ọjà ìwé ńlá bá tó. Bí wọ́n bá gbé ọjà ìwé kalẹ̀ ní àyíká Ilé Kòkó láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́, àwọn òǹtàwé àti àwọn òǹkọ̀wé sì wá láti Ìlọrin, Kútọnu àti Akíra, yàrá ìtura ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò kún láìsí gèlè kankan. Ìpàdé àwọn olówò kòkó náà bá ibẹ̀ mu ju ibikíbi lọ. Ilé tí owó kòkó kọ́ ṣì dúró. Gbọ̀ngàn àpérò tó dára, tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti orí ibùsùn rẹ̀, ṣe pàtàkì fún ilé ìtura àárín ìlú ju adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adágún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yàwòrán rẹ̀.

Ti alẹ́ ńkọ́? Gbọ̀ngàn Àṣà wà ní Mọ́kọ́lá níbẹ̀ yẹn. Bí àlejò bá mọ̀ dájú pé ní gbogbo Ọjọ́rú eré orí ìtàgé tàbí fújì tàbí àpàlà wà níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n kọ sára pátákó, tó sì parí kí agogo mẹ́wàá tó lù, yóò jáde. Eré tí wọ́n bá ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí gómìnà bá ní àlejò, kò lè mú ẹnikẹ́ni dúró sùn. Bákan náà ni ìrìn àjò kékeré ní ọ̀sán: Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, àti Ilé Ìṣọ́ Bower lórí Òkè Àrẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, níbi tí gbogbo Ìbàdàn ti ń tẹ́ sílẹ̀ lójú ẹni. Ilé ìtura tó bá ní ọkọ̀ kékeré kan àti ọ̀dọ́ kan tó mọ ìtàn ìlú, tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣe bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, ti ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bódìjà kò ní. N kò tíì rí èyí tó ní i.

Ní báyìí ná, bí ẹ bá fẹ́ lo ilé ìtura àárín ìlú, ìmọ̀ràn mi rèé. Bí ayẹyẹ bá ń gbé yín bọ̀, ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ ní oṣù bíi méjì ṣáájú, pàápàá ní oṣù kejìlá, kí ẹ sì san owó ìdúró kí ẹ gba rìsíìtì. Bí iṣẹ́ bá ń gbé yín bọ̀ ní ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, ẹ má san iye tó wà lórí pátákó. Ẹ béèrè fún ọ̀gá tó ń bójú tó yàrá, ẹ dúnàádúrà, wọn yóò dá yín lóhùn. Ẹ pe takisí tí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Mọ́níyà. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ nínú ilé, kí ẹ jẹ ti ọ̀sán níta. Bí òkè Mọ́kọ́lá bá ni ẹ ó dé sí, ẹ sọ fún wọn pé yàrá tó kọjú sí gúúsù ni ẹ fẹ́, kí ẹ lè máa rí Ilé Kòkó, kí ẹ sì béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.